Ẹ Wá Bó Èdìdì Tí Ẹ Lẹ̀ Mọ́ Ihò Èémí

Ṣọ́ọ̀bù Àtúnṣe Ọkọ̀ Omi,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtajà Okùn àti Àwọ̀n,
Òpópónà Etí Adágún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Adágún,
Àjà Kejì, Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ ÌGBÌMỌ̀ WÁ FI OJÚ ARA RẸ̀ RÍ OHUN TÍ KÒ JẸ́ KÍ EPO DÉ INÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ ALÙPÙPÙ OMI AGBẸ̀MÍLÀ, KÍ WỌ́N TÓ GBÉ E LỌ FỌ́ NÍ ỌJỌ́ ẸTÌ

1. Ọkùnrin tí gbogbo ará etí adágún ń pè ní Jáde-Lómi, tí ẹ gba ìwé àṣẹ agbẹ̀mílà lọ́wọ́ wọn, àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń kọ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì láti ìgbà tí mo ti ka ìwé tán lókè òkun tí mo sì padà wálé. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì yín ń gba lẹ́tà ní èdè mìíràn, ọwọ́ mi ì bá sì yá ju báyìí lọ ká ní èdè yẹn ni mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá mi ni, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ gbogbo gbólóhùn tí a bá kọ nípa wọn láìsí pé ẹnì kan ń túmọ̀ fún wọn. Bí ẹ bá rí ibi tí èdè ti kọsẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi ni, kì í ṣe tiwọn.

2. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. N ó sọ ọ́ níhìn-ín kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹni tó ní àṣẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kí ẹ tó jókòó ní Ọjọ́bọ̀, kó wá bó èdìdì pupa tí Ìgbìmọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì alùpùpù omi náà, kí a sì tan ẹ́ńjìnnì lójú rẹ̀. Gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí, ìdí ẹ̀bẹ̀ náà ni.

3. Alùpùpù omi yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ó dàgbà jù mí lọ. Funfun ni wọ́n kùn ún tẹ́lẹ̀, ó ti wá rí bí eyín ẹni tó ń mu sìgá. Kabúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ló ń lò. Kò ní kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo fún un bíi ti àwọn tuntun. Òun ni àbúrò ìyá mi fi ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Bí ọmọdé bá ti kọjá àwọn bọ́ọ̀lù pupa tó léfòó, igbe “Jáde lómi!” ni ẹ ó gbọ́ láti òdìkejì adágún, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá. Èmi náà ní tèmi. Nítorí pé gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń béèrè orúkọ rẹ̀, Kí-Lẹ-Ń-Pè-É ni wọ́n ń pè mí.

4. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, àwọn aṣàyẹ̀wò yín wá yẹ gbogbo ọkọ̀ orí adágún wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá sọ́dọ̀ wa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tinútinú. Ó yẹ àwọn ẹ̀wù agbéniléfòó wò, ó fa okùn bóyá ó ti gbó, ó gbọn ìgò panápaná létí. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ ìnujú ara rẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ òsì, lábẹ́ ọwọ́ ìdarí, ó lẹ̀ èdìdì pupa mọ́ ọn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí atẹ́gùn kankan lábẹ́ rẹ̀. Inú àbúrò ìyá mi dùn. Wọ́n ní, “Ẹni tó lẹ̀ eléyìí, ó jẹun kó tó jáde nílé.” Ohun tí ẹ kọ sára èdìdì náà hàn ketekete: ẹni tó bá bó o, tó fà á ya, tàbí tó fi ohun mímú gún un, kò ní gba ìwé àṣẹ mọ́ láéláé.

5. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á jí ní ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́, á gbéra, á sáré. Tó bá rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí oorun ń gbé lọ, á sì kú. Ebi epo ló ń pa á. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ikọ́ yẹn rí kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí, torí òun ló tàn wá jẹ. Nígbàkúùgbà tó bá kú, ohun tí à ń kọ́kọ́ ṣe ni kí a ṣí ìdérí táńkì, kí a yọjú wò ó bóyá epo ṣì kù. Epo máa ń wà níbẹ̀. A ó dé e padà, a ó tan ẹ́ńjìnnì, yóò sì jí. A ní ìsinmi ló ń fẹ́. A kò mọ̀ pé ojú tí à ń yọ wò ó yẹn gan-an ni oògùn. A ti ń wò ó sàn kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó ń ṣe é.

7. A kò káwọ́ gbera. A fa gbogbo epo inú táńkì jáde, a dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, a gbé e kalẹ̀ títí tó fi tòrò, kí a lè rí i bóyá omi wà nísàlẹ̀. Kò sí. A yọ àwọn rọ́bà epo àtijọ́. Inú wọn ti rọ̀, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ tó sùn sínú omi. A fi tuntun rọ́pò wọn. A fọ asẹ́. Ọwọ́ kékeré kan wà tí à ń yí sí epo gidi tàbí epo ìpamọ́. A so rọ́bà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bóyá òun ló dí. A tú kabúrétọ̀, a fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ihò rẹ̀ tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, a pààrọ̀ awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fa epo wọlé. Púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo pàápàá, tuntun ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó ṣí táńkì, a ó da epo sí i, a ó tàn án lórí àtẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, a ó gbọ́ ọ kó dún, a ó pa á, a ó sì bọ ara wa lọ́wọ́. Mo bẹ àbúrò ìyá mi pé kí a jẹ́ kó dún pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní epo kì í ṣe omi òjò. Bó bá sì tún kú lórí adágún, wọn a ní, “Mo ti wí! Kabúrétọ̀ ni! Ọ̀dàlẹ̀ kì í ronú pìwà dà.” A ó sì tún tú u. Mo ti lè to kabúrétọ̀ yẹn báyìí bí mo bá di ojú.

8. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ dé. Oníbúrẹ́dì tó ní ilé iṣẹ́ ní igun òpópónà wa lọ lúwẹ̀ẹ́, iṣan ẹsẹ̀ wọn sì fà níbi tó jìn. Etí omi ni mo wà. Mo rí ọwọ́ kan lókè omi. Ó wọlẹ̀. Mo tún rí i. Àbúrò ìyá mi ti gbéra kí n tó pariwo tán. Nígbà tí alùpùpù dé agbedeméjì, mo gbọ́ ikọ́ náà, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tó bani lẹ́rù jù kì í ṣe ariwo, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìdákẹ́ yẹn ni. Gbogbo èèyàn etí omi dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò ìyá mi fò sínú omi, wọ́n fi apá wẹ ìyókù ọ̀nà náà. Ọwọ́ kò sí lókè mọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Abẹ́ omi ni wọ́n ti fa oníbúrẹ́dì jáde, pẹ̀lú ètè tó ti dúdú. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni oníbúrẹ́dì sùn, àbúrò ìyá mi kò sì sùn rárá.

9. Ìgbìmọ̀ gba ìwé àṣẹ. A kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan ń rì, ó yẹ kí a bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ pé “àìtọ́jú ẹ́ńjìnnì” ló fà á. Ó ní ẹ ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀ yìí, àti pé bí a kò bá ní àlàyé tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbé alùpùpù náà lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ irin ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ dákun, tí wọ́n bá ti fọ́ ọ, ẹ̀rí ti bá a lọ nìyẹn.

10. Àlàyé tuntun náà ti ọ̀nà tí a kò retí wá. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, oníbúrẹ́dì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá bú wa. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i. “Ìwọ Jáde-Lómi! O ń lé ọmọ kéékèèké jáde lómi, èmi àgbàlagbà lo wá fi sílẹ̀ sínú ẹ̀!” Àbúrò ìyá mi fa àga sí wọn. “Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ búni dáadáa kì í dúró.” Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń bá èébú lọ. Wọ́n ní kí àwọn tó ń fọ́ irin wá kó alùpùpù ọ̀hún lọ fi ṣe ìkòkò. Èmi lọ se tíì. Mo fi ìṣó lu agolo mílíìkì, mo dojú rẹ̀ kodò sórí ife. Ẹ̀kán kan jábọ́. Mo gbọ̀n ọ́n. Òmíràn jábọ́. Oníbúrẹ́dì dá èébú dúró ní àárín gbólóhùn. “Ta ló ń kọ́ ọmọ yìí ní nǹkan? Ihò kan ṣoṣo! Ibo ni kí atẹ́gùn gbà wọlé? Lu ìkejì, jàre!” Mo lu ìkejì, mílíìkì sì tú yàà.

11. Oníbúrẹ́dì fẹ́ máa bá èébú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́. Àbúrò ìyá mi ti gbé ife kalẹ̀. Alùpùpù ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, “Kí-Lẹ-Ń-Pè-É, ihò kejì táńkì yìí dà?”

12. Ohun tí a ṣe nìyí, oníbúrẹ́dì sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A gbé alùpùpù sórí àtẹ, a so rọ́bà omi mọ́ ọn kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. A dé táńkì pa, a tan ẹ́ńjìnnì, a kò sì pa á bí a ti máa ń ṣe. Ó dún, ó dún, ó wúkọ́, ó kú. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò ìyá mi kò yọjú wo epo. Wọ́n gbé etí lé ìdérí, wọ́n sì tú u díẹ̀díẹ̀. Táńkì náà fa èémí sínú, gígùn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lókè omi. Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ mú ọ̀fun ara wọn. A tún un ṣe pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí: ẹ́ńjìnnì dún títí àwa fúnra wa fi pa á. A dé e: ó kú. A ṣí i: ó yè. A tún ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ojú àwọn méjì tó ń ta okùn níwájú wa, ìdáhùn kan náà ló fún wa. Ẹ́ńjìnnì ń fa epo, kò sí atẹ́gùn tó ń wọlé rọ́pò rẹ̀, títí táńkì fi di epo mú tí kò fi í sílẹ̀ mọ́. Kabúrétọ̀ tí a ti ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ kò mọwọ́mẹsẹ̀.

13. A wá tọ rọ́bà èémí táńkì, èyí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, láti ìdí dé òpin. Ó gba abẹ́ ìjókòó, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìdarí, ó sì jáde sí ihò kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: èdìdì yín ló wà lórí ihò náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdérí ní dídé, ojú ibì kan lára èdìdì náà máa ń jìn wọnú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń fa súìtì. Tí a bá ṣí ìdérí, á tún tẹ́jú. Ẹ lè fi ojú lásán rí i láìfọwọ́ kan ohunkóhun. N kò sọ pé aṣàyẹ̀wò yín mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lára àwọn alùpùpù tuntun, ibi pẹrẹsẹ lásán ni ibẹ̀ yẹn. Àtijọ́ ni tiwa. Ibòmíràn ni imú rẹ̀ wà.

14. Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí a kò bó o. Ẹ̀yin lẹ kọ ìdáhùn sára rẹ̀. Bí àbúrò ìyá mi bá bó o, wọ́n jàre lórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì pàdánù ìwé àṣẹ títí ayé. Bí wọn kò bá bó o, wọ́n pàdánù méjèèjì. Ẹnì kan ní kí a máa fi ìdérí táńkì sílẹ̀ ní títú. Omi adágún yóò wọnú epo, òórùn epo yóò kún abẹ́ ìjókòó, iná tó kéré bí orí ìṣáná sì tó láti sọ ẹni tó lọ gba ẹ̀mí là di ẹni tí à ń sáré gbà là.

15. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wá sí ọ́fíìsì yín. Wọ́n gbà mí tọ̀yàyà, wọ́n fún mi ní àga. Obìnrin tó wà ní fèrèsé àkọ́kọ́ ní, “Èdìdì kọ́ la ń ṣe níbí, àǹtí, ẹ lọ sí yàrá àwọn aṣàyẹ̀wò.” Bàbá tí mo bá níbẹ̀ ní, “Àwa ń lẹ̀ ni, ọmọ mi. A kì í bó.” Mo béèrè pé ta wá ló ń bó. Wọ́n ronú dáadáa kí wọ́n tó dá mi lóhùn. “Ẹni tó bá bó o ni àwa máa ń wá.” Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi wá sọ́dọ̀ Alága tààrà. Bó bá dà bí ẹni pé mo fo orí ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú. Mo ti kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nísàlẹ̀.

16. Agbẹ̀mílà tí ẹ ní yóò rọ́pò àbúrò ìyá mi kò tíì dé. Oòrùn ń mú, àwọn ọmọdé sì kún omi. Láti àárọ̀ ni àbúrò ìyá mi ti máa ń dúró sí etí omi pẹ̀lú okùn àti táyà tó léfòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó rán wọn. Lánàá, ọmọbìnrin kan kọjá àwọn bọ́ọ̀lù pupa, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Àbúrò ìyá mi lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Eré ló pè é. Ẹni tó gbà á là ló jókòó sórí iyanrìn, tí àyà wọn ń lù débi pé mo ń rí i lábẹ́ ẹ̀wù. Wọn kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Apá méjèèjì wọn ló kù tí adágún yìí ní. Èkejì irú ọjọ́ yẹn lè má dára tó bẹ́ẹ̀.

17. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ rán ẹnì kan wá lọ́la tàbí ní Ọjọ́rú. Kó bó èdìdì náà fúnra rẹ̀, kó lẹ̀ òmíràn síbi tí ó bá wù ú, iwájú tàbí ẹ̀yìn, kí a sì tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìdérí ní dídé pa. Bí ó bá tún kú, kí ọkọ̀ akẹ́rù wá ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi fúnra mi ni n ó bá wọn gbé e sókè. Bí kò bá kú, kí ẹ dá ìwé àṣẹ padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì wò bóyá ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn wà lórí omi yìí tí a dí nímú bíi tiwa.

18. Èdìdì náà kò nípọn. Igun rẹ̀ kan ti ń ṣí díẹ̀, eékánná kan tó láti bó o. Àbúrò ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti gé gbogbo eékánná ọwọ́ wọn dé ìdí, wọ́n sì ní kí èmi náà gé tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ bá máa rán sí wa, kó má gé tirẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù bá mi dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Èmi ni tiyín, tó ń retí ìró ẹsẹ̀ yín,

Kí-Lẹ-Ń-Pè-É,
Akẹ́kọ̀ọ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì omi,
ní orúkọ Jáde-Lómi, ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó fi sínú àpò ìwé.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí: Èmi oníbúrẹ́dì tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, mo wà níbẹ̀, ó ṣojú mi. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn wá atẹ́gùn kó má rí. Ẹ wá bó nǹkan yẹn.